Ta Ló Ṣe É? Ìdáhùn fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó fẹ́ gbé ère sí oríta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa yàn pé kí a ṣe ohun kan sí oríta tó wọ ìlú, ohun tí yóò máa rán àwọn ọmọ wa létí pé aláwọ̀ dúdú ti lajú kí òyìnbó tó dé. Ìpàdé mẹ́ta la ti ṣe, a kò tíì fẹnu kò. Àwọn kan fẹ́ píramídì bíi ti Íjíbítì. Àwọn kan fẹ́ jagunjagun lórí ẹṣin, kó mú idà lọ́wọ́. Ọmọ ìlú wa kan tó wà lókè òkun ní òun lè bá wa ra èyí tó ti ṣe tán láti Ṣáínà, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Pásítọ̀ kan sì ti ní tó bá ti jẹ́ ère, kí a yọ orúkọ òun kúrò. Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí a ṣe, kí la sì lè fi ṣe é tí kò fi ní bàjẹ́ kíákíá?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ kú làálàá ìpàdé. Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ iyì ìlú bá pàdé lórí tábìlì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn mi wà.

Ní ọdún 1910, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ tí wọ́n ń pè ní orí Olókun, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí ojú wọn tutù bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ẹwà iṣẹ́ náà borí rẹ̀. Kò jiyàn ẹwà. Ọwọ́ tó ṣe é ló bá jà. Ó ní kò lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ó ní àwọn Gíríìkì ìgbàanì kan, àwọn ará Atlantis tí òkun gbé mì nínú ìtàn, ló ti ní láti wá tẹ̀dó sí etí òkun wa nígbà kan, pé àwọn ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tó bí i, ó gbé e fún àlejò tí kò sí láyé.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní ìhà gúúsù Áfíríkà. Ògiri Great Zimbabwe, ìlú òkúta àtijọ́ kan, ga tó nǹkan bíi mítà 11 níbi tó ga sí jù, òkúta lórí òkúta, wọn kò fi amọ̀ tàbí ohunkóhun lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ayaba Ṣébà ló kọ́ ọ, àwọn mìíràn ní ará Fòníṣíà ni. David Randall-MacIver wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1905, Gertrude Caton-Thompson tún wa á ní 1929, àwọn méjèèjì sì sọ ọ́ gbangba pé ọmọ Áfíríkà ló kọ́ ọ. Síbẹ̀ ìjọba àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso Rhodesia, bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ náà nígbà yẹn, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn onílẹ̀ gba ìlú wọn padà ní 1980, inú ògiri yẹn ni wọ́n ti mú orúkọ orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì gbé ẹyẹ òkúta tí wọ́n rí níbẹ̀ sórí àsíá.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Nínú ìtàn méjèèjì yìí, kò sí ẹni tó sọ pé iṣẹ́ àwọn baba ńlá wa kò dára. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni: ta ló ṣe é? Wọ́n sì ń fi orúkọ ẹlòmíràn dáhùn. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan sí oríta tí yóò ṣàfihàn ọ̀làjú Áfíríkà ṣáájú ìjọba amúnisìn, ìbéèrè yẹn gan-an ni nǹkan náà gbọ́dọ̀ lè dáhùn. Kí ọmọdé dúró níwájú rẹ̀, kó béèrè pé ta ló ṣe é, kí ìdáhùn má sì jìnnà.

Ìbéèrè yìí ni màá fi wọn àwọn àbá yín wò.

Píramídì kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ti Áfíríkà ni Íjíbítì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò lára Áfíríkà. Àní ní Sùdáánì, níbi tí àwọn ọba Kúṣì ti jọba, píramídì tó wà níbẹ̀ ju 200 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rí nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìlú yín bá dúró níwájú píramídì sìmẹ́ǹtì, tó bi bàbá rẹ̀ pé ta ló ṣe é, bàbá á nawọ́ sí ibi tó jìnnà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ wo inú ilé ná.

Ti jagunjagun ló nira fún mi láti sọ, torí mo mọ̀ pé ó dùn mọ́ àwọn àgbà. Òótọ́ ni pé Ọ̀yọ́ fi ẹṣin jagun, tí ilẹ̀ tó ṣàkóso sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn tí yóò máa gba oríta yẹn kọjá. Àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú ilẹ̀ wa ká, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ wa lẹ́rú. Akọni tó gba ìlú yín là lè jẹ́ ẹni tó sun ilé ìyá ẹlòmíràn, ọmọ ọmọ ẹni yẹn sì ni yóò máa wo idà yẹn láti ojú fèrèsé mọ́tò lójoojúmọ́ tó bá ń lọ sọ́jà. Ohun mìíràn tún ni pé kò sẹ́ni tó jiyàn rí pé a mọ ogun jà. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni wọ́n fi dù wá. Ibi tí wọ́n ti fi dù wá ni ká ti dáhùn.

Ti Ṣáínà wá ńkọ́? Mi ò ní fi bò yín: ọkàn mi kò sí níbẹ̀ rárá. Ní Dakar, Sẹ̀nẹ̀gà, ìjọba gbé ère ńlá kan kalẹ̀ ní 2010 láti fi ṣèrántí ìjíǹde Áfíríkà. Ó ga tó mítà 49. Ilé iṣẹ́ Mansudae ti Kòríà Àríwá ló ṣe é. Ní Cotonou, lórílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère obìnrin jagunjagun Dahomey ní 2022, ó ga tó mítà 30. Oníṣọ̀nà ará Ṣáínà, Li Xiangqun, ló ṣe é. Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀, tí orí wọn ń wú, mi ò sì ní bu ayọ̀ wọn kù. Ìtàn àwọn obìnrin yẹn, òótọ́ ni. Síbẹ̀, ní Abomey, olú ìlú ìjọba Dahomey kan náà, ògiri ààfin àwọn ọba ṣì wà pẹ̀lú àwọn àwòrán tí àwọn oníṣọ̀nà ìjọba náà fi amọ̀ mọ sí i lára, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn: kìnnìún, ẹja, ọkọ̀, ogun, òwe àwọn ọba. Àjọ UNESCO fi ààfin yẹn sára ogún gbogbo ayé ní 1985. Ẹ fi méjèèjì síwájú ọmọ kan. Kó bèèrè ìbéèrè wa lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ óò rí i pé ère mítà 30 yẹn kò ní lè dá a lóhùn bí ògiri amọ̀ ṣe máa dá a lóhùn.

Kì í kúkú ṣe pé ọwọ́ tán nílẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ń múra FESTAC 77, àjọyọ̀ àgbáyé fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà aláwọ̀ dúdú, a ní kí British Museum yá wa ní ìbòjú eyín erin Ìyá Ọba Ìdíà, èyí tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Bìní ní 1897. Wọ́n kọ̀. Oníṣẹ́ ọnà ọmọ Bìní ló jókòó, ló gbẹ́ òmíràn. Ojú Ìdíà di àmì àjọyọ̀ náà, ó wà lára aṣọ, lára pátákó, títí ó fi di pé ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ ojú rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1964, Ben Enwonwu ti ṣe ère idẹ Ṣàngó fún olú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina, l'Ékòó. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn! Olú-kòso aláràá, ẹni tí mànàmáná ń tẹnu rẹ̀ jáde, ló dúró níwájú àwọn tó ń pín iná fún ìlú. Kò sí ẹni tó nílò àlàyé kankan.

Ó dáa, kí ni kí ẹ wá ṣe? Màá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Amọ̀.

Ẹ tẹ̀ lé mi lọ sí òpópónà Ìgùn ní ìlú Bìní, níbi tí àwọn ìdílé tó ń rọ idẹ fún Ọba ti ń ṣiṣẹ́ látayébáyé títí di òní. Ìtàn Bìní fúnra rẹ̀ sọ pé láti Ifẹ̀ ni wọ́n ti bẹ Ọọ̀ni lọ́wẹ̀ ẹni tó wá kọ́ wọn. Àwọn tó ń ra ère níbẹ̀ máa ń rò pé idẹ ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Àgbà oníṣẹ́ á kọ́kọ́ po amọ̀, á fi mọ orí tó kéré díẹ̀ sí èyí tó fẹ́, á jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni á mú ìda oyin tí oòrùn ti mú rọ̀, á fi bo amọ̀ yẹn bí awọ ara. Orí ìda ni ó ti ń ṣe ojú, imú, ètè. Tó bá kan ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, á yí ìda lórí pátákó títí á fi tín-ín-rín bí òwú, á máa tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ń di irun ọmọ. Ó tún kan amọ̀: á fi amọ̀ kíkúnná, èyí tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ra gbogbo rẹ̀ lára kó lè wọ inú ìlà tó kéré jù, á wá fi amọ̀ tó nípọn bò ó. Iná á yọ́ ìda, ìda á ṣàn jáde, ààyè rẹ̀ á ṣófo. Inú òfìfo yẹn ni wọ́n ń da idẹ gbígbóná sí. Nígbà tó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ òde dànù. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń lò ó. Bí idẹ kò bá dé ibi etí, kò sí àtúnṣe, a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí amọ̀ ni.

Ṣé ẹ rí i pé amọ̀ wà nínú, amọ̀ wà lóde, idẹ kàn gba àárín kọjá ni? Orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjè n'Ífẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé, ọwọ́ tó mọ amọ̀ ló lè ṣe é. Àwọn ère Nok tí àwọn awakùsà ń rí lábẹ́ ilẹ̀ láti 1928, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní ẹgbàá ọdún, amọ̀ ni. Gíláàsì tí Ifẹ̀ fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun, inú ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ti yọ́ ọ. Fún ìgbà pípẹ́ wọ́n ní gíláàsì òkèèrè la kàn ń tún yọ́, títí àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ fi hàn pé èròjà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti Ifẹ̀ nìkan, pé Ifẹ̀ ló pilẹ̀ ṣe é. Wọ́n ti rí irú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn títí dé Gao ní Málì. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ ni wọ́n ń bá jà.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Tí ẹ kò bá tíì fi ojú rí i, ẹ lọ sí Ifẹ̀ kí ẹ tó ṣe ìpàdé kẹrin. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, wọ́n tẹ́ àgbàlá, ojúbọ àti ọ̀nà pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tó ti fọ́. Ìtàn ẹnu ní Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ni kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà sílẹ̀ gbalaja. Wọ́n nà án ró, kí etí rẹ̀ kọjú sókè, wọ́n wá fún un mọ́ra wọn pinpin. Ìlà kan á dà sí ọ̀tún, ìlà kejì á dà sí òsì, bí ewé ọ̀pẹ. Láàárín ìlà, wọ́n á fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ tò ó lọ. Níbòmíràn wọ́n ri ọrùn ìkòkò mọ́ àárín ilẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí tàbí omi sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tí ẹ bá débẹ̀, ẹ óò rí i pé ó le bí egungun. Àpáàdì ló tó ko iná lójú, àpáàdì yìí sì ti ko òjò ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́fà, mẹ́jọ lójú. Ifẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ti rí i. Ó wà l'Ọ́wọ̀, ó wà ní Kétu, ó wà ní Bìní, ó sì ṣeé ṣe kó wà lábẹ́ ilẹ̀ tiyín.

Nítorí náà, àbá mi rèé. Ẹ tẹ́ àgbàlá kan pẹ̀lú àpáàdì. Ẹ gbé ère kan ṣoṣo sí àárín rẹ̀: ìyá amọ̀kòkò. Kì í ṣe ayaba, kì í ṣe òrìṣà. Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò rẹ̀ ká, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń mọ ọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ìkòkò kò yí, ìyá ló ń yí i ká. Kí ère náà tóbi ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n kó má ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé kò ní lè fọwọ́ kan ìkòkò rẹ̀. Láàárín àpáàdì, ẹ lè fi ègé gíláàsì aláwọ̀ ojú ọ̀run mẹ́ta, mẹ́rin sí i bíi sẹ̀gi, kí àwọn olùkọ́ lè máa fi wá a bí eré fún àwọn ọmọ iléèwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sí àárín ràńdábáòtù. Ibi tí mọ́tò ti ń yí po kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń wo iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó wà nínú mọ́tò á fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan wò ó, á ti kọjá. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kò ní lè débẹ̀ láì fi ẹ̀mí wéwu. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ oríta, níwájú ọjà tàbí iléèwé, níbi tí igi kan bá wà, tí àwọn ènìyàn lè jókòó. Àwọn àgbà kan yóò ní kò ní hàn. Ẹ dá wọn lóhùn pé òpó òkúta Aksum ní Etiópíà, tó ga tó mítà 24, hàn tó bẹ́ẹ̀ tí Ítálì fi kó o lọ sí Rómù ní 1937, kò sì padà sílé títí di 2005, tí wọ́n tó tún gbé e nàró ní 2008. Bó ṣe hàn náà ni ojú olè ṣe wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tí gbogbo ìlú ń tẹ̀, ta ni yóò ká a?

Ní ti ohun èlò, níbi tí mo ti jìyà jù nìyí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní ọdún kan, mo bá àwọn kan ṣe ère sìmẹ́ǹtì ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ti mú ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i kí a tó da ìpìlẹ̀. A kánjú. Irin tó wà nínú ọwọ́ ère náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú sìmẹ́ǹtì, mo rí i, mo sì dákẹ́. Òjò wọ inú rẹ̀, irin náà dípẹtà, ìpẹtà wú, sìmẹ́ǹtì sán. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìka ọwọ́ ère náà já bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń fi ṣeré. Títí dòní, mi ò lè gba ìlú yẹn kọjá kí ọkàn mi má gbọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì tó bo irin nípọn tó ìbú ìka ọwọ́ mẹ́ta. Ẹ lo iyanrìn odò tí wọ́n ti fọ̀, kò gbọdọ̀ ní iyọ̀. Ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn lọ. Ẹ má sì fi ọ̀dà wúrà kùn ún, mo bẹ̀ yín; ọ̀dà yẹn á bó, ìlú á sì dà bí ẹni tó wọ aṣọ tó ti ṣá.

Fáíbà fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn wa kì í fojúure wò ó. Idẹ ló dára jù, owó rẹ̀ sì pọ̀ jù, àwọn tó ń jí irin tà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tí ọwọ́ tó gbọ́n bá mọ kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ lọ wo Igbó Ọ̀ṣun n'Ọ́ṣogbo. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọnà. Òun, Susanne Wenger tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì sọ igbó yẹn di ohun tí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé ní 2005. Ó ṣeé ṣe kí bíríkìlà tó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú yín, tí ẹ kàn ń pè é wá mọ ògiri.

Yálà sìmẹ́ǹtì ni o, yálà àpáàdì ni, yóò fẹ́ ìtọ́jú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ń ṣubú. Owó máa ń wà fún ọjọ́ ìṣíde, kò ní sí fún ọdún kejì. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará Djenné ní Málì. Mọ́sáláṣí ńlá wọn, amọ̀ ni látòkè délẹ̀. 1907 ni wọ́n parí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, lórí ilẹ̀ èyí tó ti wà látijọ́. Òjò ń fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún, lọ́dọọdún náà sì ni gbogbo ìlú ń jáde láti tún un rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin á máa sáré gbé amọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin á máa pọn omi, àwọn ọ̀gá amọlé á gun àwọn igi tó yọ jáde lára ògiri, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ. Òjò tí à bá kà sí ọ̀tá ilé ni wọ́n sọ di ọjọ́ ọdún. Ẹ̀yin náà, ẹ yan ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, kí ó wà nínú ọdún ìlú yín, tí àwọn ọmọ iléèwé yóò máa mú àpáàdì kọ̀ọ̀kan wá láti ilé láti fi dí ibi tó bá ti yọ. Ìkòkò ìyá àgbà tó fọ́ lánàá yóò wá di ara ilẹ̀ ìlú.

Nípa ti pásítọ̀, ẹ má bá a jà, ẹ lọ bá a nílé. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé àwọn ènìyàn yóò máa bọ ère. Ẹ sọ fún un pé amọ̀kòkò ni, ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rántí ilé amọ̀kòkò tí Olúwa rán Jeremáyà lọ. Ẹ lọ bá ìmáàmù náà, torí Kùránì pẹ̀lú sọ pé láti ara amọ̀ ni Ọlọ́run ti dá ènìyàn. Bákan náà ni kí ẹ lọ bá àwọn oníṣẹ̀ṣe, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ẹ ń sá fún wọn, torí àwọn ló pa ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń sọ yìí mọ́ nígbà tí àwọn yòókù ń jó o níná. Ọ̀rọ̀ amọ̀ kò kọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ wa ìpìlẹ̀, ẹ rántí Wúnmọníjè. Tí ṣọ́bìrì bá kan àpáàdì tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tàbí ère, tàbí ìdàrọ́ irin, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má hú u, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má tà á. Ẹ ránṣẹ́ sí àjọ NCMM, àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1979 láti máa bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè yìí. Bí nǹkan bá wà lábẹ́ ilẹ̀ yín lóòótọ́, ohun tí ẹ ń wá kiri nìyẹn, yóò sì dára ju ohunkóhun tí èmi tàbí ẹnikẹ́ni lè yà síwèé fún yín.

Ó ku pátákó. Yorùbá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kó tóbi, kí àmì ohùn rẹ̀ pé. Mo ti rí pátákó tó jẹ́ pé orúkọ alága, orúkọ gómìnà àti orúkọ àlejò pàtàkì ló gbà á tán, tí a kò rí orúkọ ẹni tó fọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, kú ní 1938. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, oríkì náà sì ń dárúkọ ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó po sìmẹ́ǹtì, gbogbo ẹni tó to àpáàdì, gbogbo ìyá tó mú ìkòkò wá, kí orúkọ olówó wá tẹ̀ lé e nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó pe ìpàdé kẹrin, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ lọ sí ìdí ọjà, ẹ béèrè àwọn ìyá tó ṣì ń mọ ìkòkò ní ìlú yín àti ní abúlé tó yí i ká. Ẹ kọ orúkọ wọn, ẹ kọ ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, ẹ béèrè ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé ka orí tábìlì nígbà tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹṣin àti píramídì.